Àyè Tó Kẹ́yìn ní Grade One

Bí inú bá ń bí Sàká, ẹnu rẹ̀ kì í gbélé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Sharjah, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ó di ọwọ́ Shukurat ọmọ rẹ̀ mú, ó ń fi ojú bínú sí gbogbo òbí tó ṣáájú rẹ̀ dé. Shukurat ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, Grade One ló kàn án, kò sì sí ilé ìwé tí wọ́n dé tí wọn ò sọ fún wọn pé ó ti kún. Ibí yìí nìkan ló kù tí agbára Sàká ká.

Ó yíjú sí obìnrin tó jókòó tì í, ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan? Park gan-an, ẹ lọ wò ó ní Saturday. Ẹní lórí ẹní ni wọ́n tẹ́! Ọmọ mi á tò títí kó tó gun jangirọ́fà. Ta ló tiẹ̀ ń pe gbogbo ayé wá síbí?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Fọláyẹmí lorúkọ rẹ̀, kò tíì pẹ́ tó ti Ìkòròdú dé. "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé ẹni tó pè mí náà ló pè wọ́n. Voice note kan ni wọ́n forward sí group wa. Ẹ jẹ́ n play ẹ̀ fún yín."

Ó tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan jáde, bí ẹni pé òun ló ni ìlú: "Ẹ̀yin ará wa, kí lẹ ṣì ń ṣe ní Lagos? Ẹ kó ìyàwó, ẹ kó ọmọ, yalla, ẹ máa bọ̀! Sharjah ò lérò rárá. Schools pọ̀ bíi nǹkan míì, ọmọ ni wọ́n ń wá. Park ńkọ́? Ọmọ yín á sáré títí, ilẹ̀ ò ní tán!"

Shukurat gbójú sókè. "Daddy, ẹ̀yin nìyẹn!"

Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Sàká ni lóòótọ́. Iṣẹ́ kágò ló ń ṣe ní Deira, ní Dubai, ó ń bá àwọn oníṣòwò kó ẹrù ránṣẹ́ sí Èkó, ṣùgbọ́n ohun tó ń wù ú jù láyé ni kí wọ́n máa sọ pé ọpẹ́lọpẹ́ Ẹ̀gbọ́n Sàká. Ó jókòó sí park lọ́jọ́ kan, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, ni ó bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó sì fi í ránṣẹ́ kiri. Ohùn ara rẹ̀ dùn mọ́ ọn débi pé ó ń gbọ́ ọ lágbọ́túngbọ́. Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni máa gba òun gbọ́. Nínú ilé tirẹ̀, ta ló ń gbà á gbọ́?

Fọláyẹmí ti kúnlẹ̀ láàárín àwọn èèyàn. "Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin nìyí? Àdúrà ni mò ń gbà fún yín! Àná ni wọ́n gba Dọ̀tun mi wọlé níbí. Wọ́n ní òun ló gba last space ní Grade One, khalas, ó ti tán. Uniform ẹ̀ ni mo wá gbà. Bẹ́ ẹ ṣe la ọ̀nà fún ọmọ mi, Ọlọ́run á la ọ̀nà fún tiyín náà!"

Ojú ti Sàká, ó sì dùn ún dọ́kàn. Síbẹ̀, kí lèèyàn fẹ́ wí sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀?

"Àmín," ló wí. Ó tún rọra ṣe àmín kejì, torí ó nílò rẹ̀.

Kò dúró kí wọ́n pe òun mọ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde sínú oòrùn. Wọ́n ti fẹ́ dé ìdí ọkọ̀ kí Shukurat tó dúró.

"Daddy, ṣé Dọ̀tun yẹn ló gba àyè mi?"

Oríṣiríṣi irọ́ ló sáré wá sí Sàká lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ ló sì dùn ún sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú òun àti ti ọmọ fi dọ́gba.

"Rárá, ọmọ mi," ló wí. "Èmi ni mo fún un."