Gow, Smith, Ọmọ Alágbẹ̀dẹ

4.
…ó sì gba ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá àgbà wa kọjá. Kò dúró. Gow ló ń wá. Smith ló wà lára òkúta náà.

5.
Marsaili Gow lorúkọ obìnrin náà. Kánádà ló ti wá sí erékùṣù wa, Lewis. Òjò pa á dé ẹnu ọ̀nà mi. Mo bu ọbẹ̀ ẹran àgùntàn fún un.

— Ta lẹ ń wá, mà?
— Àwọn èèyàn mi. Dòmhnall Gow ni bàbá ńlá mi. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tiẹ̀. Onílẹ̀ lé wọn kúrò ní Baile Dubh, ó kó àgùntàn síbẹ̀.
— Baile Dubh kẹ̀?

Ibẹ̀ ni wọ́n ti lé àwa náà.

6.
BÍ ORÚKỌ ṢE RÌN

Mac a' Ghobhainn: ọmọ alágbẹ̀dẹ. Bí wọ́n ṣe ń pè wá nílé.

Gow: ohun tí akọ̀wé ọkọ̀ ojú omi gbọ́ lẹ́nu Dòmhnall.

Smith: ohun tí tíṣà kọ fún àwọn ọmọ àbúrò Dòmhnall tó kù sílé. Alágbẹ̀dẹ náà ni, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

7.
ÌKÉDE (lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù)
Murchadh Smith, apẹja, ti sùn nínú Olúwa. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú.

Ẹnìkan fi bírò kọ ọ́ sísàlẹ̀: *Mac a' Ghobhainn lorúkọ ẹ̀!*

Bàbá mi ni Murchadh. Èmi ni mo kọ ọ́.

8.
ÈMI ÀTI IAIN, ÀBÚRÒ MI, LÓRÍ FÓÒNÙ

IAIN: Smith ni kí wọ́n kọ sára òkúta bàbá.
ÈMI: Bàbá ní èdè wa ni kí wọ́n fi kọ ọ́.
IAIN: Ta ló máa kà á? Àwọn ọmọ mi ò gbọ́ Gaelic.
ÈMI: Ẹ̀bi ta nìyẹn?
IAIN: Àǹtí Ciorstaidh, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí mo dé Glasgow, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ títí mo fi ń sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ṣe bàbá mi náà.



ÈMI: Obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá àgbà kọjá lónìí. Ẹ̀jẹ̀ wa ni. Kò mọ̀.
IAIN: Ọmọ ta ni?

9.
Iain wọ ọkọ̀ ojú omi wá.

10.
Ní itẹ́ òkú. Marsaili ń wo Iain.

— Etí ẹ yìí! Etí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gan-an ni.
— Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní kó máa dé fìlà.

Marsaili rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní kí Iain kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe Mac a' Ghobhainn. Ó gbìyànjú.

— Rárá o, Iain ní. Ọ̀fun lẹ ti máa mú un wá. Ẹ gbọ́.

Ó pè é. Ó tún un pè, ohùn rẹ̀ ròkè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn àgùntàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbórí sókè.

11.
LÁTỌ̀DỌ̀ TORMOD, AGBẸ́KÙÚTA
Ẹ kú ọ̀sán o. Kí ni kí n kọ?

12.
Iain gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó tẹ Smith. Ó pa á rẹ́. Ó tún ń tẹ̀: Mac a'…