Èédú Ń Jó

Ṣebí mo ṣan èédú yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàn án nínú abọ́, títí omi rẹ̀ fi mọ́ gaara... kí ló wá dé tí omi ẹja dúdú báyìí? Òwúrọ̀ ni mo tan pọ́ńpù. Ọ̀sán nìyí, mi ò rí ẹja náà mọ́. Ó wà lẹ́yìn òkúta, bóyá. Bóyá... Rárá. Ìrù rẹ̀ nìyẹn, ó ń mì.

Má kú o. Jọ̀ọ́. Ẹnì kan ti kú nínú ilé yìí lọ́dún yìí, ó tó.

Ọkọ mi ló ni ẹja. Òun náà ló ni ike gbọọrọ tó so mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí gíláàsì tí ẹja ń gbé, tí pọ́ńpù ń fa omi gba inú èédú rẹ̀ kọjá kó lè fi ìdọ̀tí sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo ni ẹjọ́ pọ́ńpù. Ọjọ́ wo ni mi ò sọ pé ariwo rẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́? Ní báyìí, pọ́ńpù nìkan ló ń fọhùn nínú ilé. Àkọ́bí mi ní, "Màámi, ẹ fi ẹja yẹn tọrẹ, kẹ́ ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa." Kí n wá ṣe kí ni? Kí n máa jókòó sórí àga àlejò...

Omi ń pọ́n rúsúrúsú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo mọ̀ pé èédú tí ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ dà síbẹ̀ ti yó, kò lè gba nǹkan kan mọ́. Ó dùn mí láti dà á nù. Mo dà á nù, mo da tuntun síbẹ̀. Mo ṣe ohun tó kọ. Ìwé rẹ̀ nìyí lára ògiri, ó lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ìwòsàn. Ìlà mẹ́ta péré. "Fo eedu daadaa." Mo fọ̀ ọ́. "Ma je ki eedu jo." Mo ṣí omi sílẹ̀ gidi, èédú ń jó, ó ń fò, ó ń yí, inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ọkọ mi, wò ó, ó ń jó —

Ó ń jó.

Ṣe ló ń lọ ara rẹ̀ kúnná. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ló wà nínú omi yìí. Má jẹ́ kó jó. Kì í ṣe *máa*. *Má*!

Èmi! Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi tún ìwé ṣe fún àwọn atẹ̀wé, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àmì, torí mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan jáde níhòòhò. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni... ta ló kù tí yóò bá mi rí tèmi? Kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ rí, ọkùnrin yẹn. Màá pariwo láti ilé ìdáná, "*Má* ni àbí *máa*?" Á bú sẹ́rìn-ín. "Èwo ló wù ẹ́?"

Mo dín omi kù. Èédú jókòó jẹ́ẹ́. Ẹja ò tíì jáde.

Ìlà kẹta. "Ma sunkun."

Oṣù méjì ni mo ti ń kà á ní *má*. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú. Wọ́n ní mo le. Mi ò sunkún nígbà tí mo ká aṣọ rẹ̀, mo ní ó kọ ọ́, ó ní kí n má... Ta ló sọ fún mi? Àmì wo ni mo rí níbẹ̀?

*Má* ni àbí *máa*?

Pọ́ńpù ń kùn.

Èwo ló wù ẹ́...

Ó wù mí kí n sunkún. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí.