Àga Tíìkì Orí Ilẹ̀ Àánú

Àga méjì ni Bàbá àgbà mi kàn láti ara igi tíìkì kan ṣoṣo kí wọ́n tó kú. Ọ̀kan wà ní pálọ̀ wa ní ìlú Ìrókò, ó pọ́n bí oyin. Èkejì gùn, ó ní ibi tí èèyàn lè gbé apá lé, ó sì wà lórí ilẹ̀ àánú ìjọ Kérúbù wa, ìyẹn ilẹ̀ àdúrà tó wà ní gbangba, níbi tí òjò àti oòrùn ti ń pa á. Orí èyí ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí bí àdúrà bá ń lọ, torí orúnkún wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè kúnlẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Josiah tó ń bójú tó ọgbà ìjọ dìde, wọ́n ní ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Àga dúdú tó wà lórí ilẹ̀ àánú yẹn, a ó là á fi dáná ní Sátidé. A ti rí àga rọ́bà rà."

Èmi àti Ìyá Àgbà jọ ń lọ sílé. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ọkọ mi ló kàn án. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo jókòó tì wọ́n ni."

"Ẹ bá Alàgbà sọ ọ́, mà."

"Kí n ní kí ni? Àga náà dúdú, ó sì ń mì. Ṣé ojú mi ti fọ́ ni?"

Èmi náà kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yọ mí lẹ́nu: igi kan náà, ọwọ́ kan náà. Kí ló wá dé tí ti pálọ̀ pọ́n, tí ti ìta dúdú?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ọgbà ìjọ. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú àga náà, mo ń wò ó. Kò dúdú níbi gbogbo! Ẹ̀yìn rẹ̀ àti abẹ́ rẹ̀ rí bí eérú. Ibi ìgbápá méjèèjì àti etí ìjókòó nìkan ló dúdú, ó sì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Mo gbóòórùn rẹ̀. Òróró ni.

Gbogbo wa la mọ bí òróró ṣe dé ibẹ̀. Ìyá Olúrẹ̀mí pẹ́ kó tó rí ọmọ bí. Orí àga yẹn ló jókòó sí nígbà tí Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà fún un, nígbà tó sì bímọ, ó wá fi òróró àdúrà pa ibi tó gbé apá lé. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó wá tọrọ nǹkan tí kì í da tirẹ̀ sí i.

Mo sáré padà sílé. Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé Bàbá máa ń fi òróró pa àga?"

"Ti inú ilé ni. Wọ́n á fi àkísà gbígbẹ nù ún, wọ́n á fi òróró díẹ̀ pa á, wọ́n á tún nù ún títí tí kò ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́. Wọn kì í sì í gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ti ń wọlé."

"Ti ìta ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ní kí á jẹ́ kó hu ewú. Wọ́n ní ewú kì í ṣe àìsàn. Ọṣẹ àti omi ló tó o. Tó o bá fi òróró pa á níta, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, òjò á bá a, á wá bu bíi búrẹ́dì tó ti pẹ́."

"Ẹ wá ń wo àwọn èèyàn níran, mà?"

"Kí n lọ sọ fún ẹni tó ń tọrọ ọmọ pé kó gbé òróró rẹ̀ kúrò lára àga ọkọ mi? Ṣìkẹ́mi, ṣé o fẹ́ kí wọ́n dojú àdúrà kọ mí ni?"

Mo pe Mùjíbátù, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, pé kó bá mi fọ àga náà.

"Mùsùlùmí ni mí o. Wòlíì yín ò ní lé mi?"

"Bọ́ bàtà ẹ ná."

"Tí áńgẹ́lì bá bi mí, ìwọ ni màá nàka sí."

A fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, bí ìlà ara igi ṣe lọ. Mùjíbátù fẹ́ mú irin ìfọkòkò, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà ha á. Omi dúdú ń ṣàn títí, nígbà tó yá, àwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó dùn mọ́ wa. Àfi bí Mùjíbátù ṣe jókòó sí i, tí àga ṣe gẹ̀rẹ̀.

"Yéè! Ó fẹ́ dà mí nù!"

A yí i dojú dé. Mo fi ọ̀bẹ gún ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó wọ ẹ̀kẹrin bí ẹni gún ẹ̀kọ. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Mo wo ibi tó ṣẹ́ kù: ó funfun, kò pọ́n bíi ti àwọn yòókù.

"Funfun ẹ̀gbẹ́ èèpo nìyẹn, kì í le bíi àárín igi," ni Ìyá Àgbà wí nígbà tí mo bi wọ́n. "Igi ò tó mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn á pààrọ̀ ẹ̀. Ikú ò jẹ́."

Ní Sátidé, Alàgbà Josiah gbé àáké dé. Mo ti ki búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹsẹ̀ kẹrin. Àwọn obìnrin ìjọ ń gbálẹ̀. Mo dúró síwájú àga náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ kan tí wọ́n fi igi funfun ṣe ló kú. Ara rẹ̀ yòókù le."

"Ha! Ṣìkẹ́mi, o lóhùn bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Alàgbà fi ẹ̀yìn àáké kan ìjókòó. Ó dún kọ̀, kọ̀. Wọ́n kan ẹsẹ̀ kẹrin, ó dún pò. Wọ́n tún un kàn.

"Dúdú ara rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ṣàlàyé. Ìyá Olúrẹ̀mí ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé òróró tí mo fi dúpẹ́ lo ń sọ pé ó ba àga jẹ́?"

Mo mi orí. "Rárá, mà. Òjò tó bá a lórí ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ inú ilé ni, kò ní ṣe nǹkan."

"Níbo ni ká wá máa dà á sí? Jákọ́bù náà kò da tirẹ̀ sílẹ̀ lásán, orí òkúta ló dà á sí!"

"Òkúta kì í bu," ni Alàgbà fèsì. "Ẹ lọ gbé òkúta wá."

Ẹ̀rín bú. Ìyá Olúrẹ̀mí náà fẹ́ fajú ro, kò lè ṣe é. Òun àti obìnrin méjì ló yí òkúta kan wá láti ẹ̀bá ògiri, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Alàgbà gbé àáké sókè, wọ́n gé ẹsẹ̀ kẹrin náà kúrò, òun nìkan. Wọ́n ti búlọ́ọ̀kù sí àyè rẹ̀ dáadáa.

Ìyá Àgbà tí wọ́n wà láàrin àwọn obìnrin náà wá jókòó. Wọ́n fọwọ́ pa ibi ìgbápá, wọ́n sì wò mí.

"Ta ló máa wá yan igi ẹsẹ̀ tuntun?" ni Alàgbà bi wá. "Kí wọ́n má lọ ta irú funfun yìí fún mi lọ́jà pákó."

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ó dáa. Lọ́jọ́ Ajé, a jọ ń lọ."

"Ẹ ṣé, sà," mo ní. Lẹ́yìn náà mi ò lè pa á mọ́ra: "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fi ọ̀bẹ gún un wò, sà?"