Táyà Tí Kò Dáhùn

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìjà Bàbá Afẹ́fẹ́, ẹ sọ fún un pé táyà tó fọwọ́ kàn kò dára. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń lẹ táyà, gbogbo onítakisí ló sì mọ ọgbà iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àṣà kan tó fi ń yangàn: kò gbà kí táyà kankan sùn lásán nínú búùtù. Bí ọkọ̀ bá ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀, á gbé sípéà wálẹ̀, á fi rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn tó ń yí, á wá gbé èyíinì sínú búùtù kó lọ sinmi. "Gbogbo yín lẹ máa ṣiṣẹ́," ni yóò máa wí fún wọn, àfi bí ẹni ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí Kánkán, obìnrin onítakisí tí kì í lè dúró lójú kan, já wọ ọgbà náà tìbínú-tìbínú.

"Bàbá, iná yìí rèé o! Mo wá, mo lọ, mo tún wá, kò kú! Ọ̀sán yìí làwọn aláyẹ̀wò máa wo ọkọ̀ mi. Tí wọ́n bá bá a níbẹ̀, mi ò ní lè gbé èrò mọ́. Tí ẹ ò bá rí i ṣe, ẹ wí, kí n gba ibòmíràn lọ, èmi àti gbogbo ẹgbẹ́ mi!"

Iná kékeré tó ní àwòrán táyà àti àmì ìyanu ló ń tàn ní iwájú ọkọ̀ náà.

Ibòmíràn kẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá Afẹ́fẹ́ lákínyẹmí ara. Bí àwọn onítakisí bá fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibòmíràn lọ, kí ló kù nínú orúkọ rẹ̀? Ó fa rọ́bà afẹ́fẹ́, ó fi géèjì wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Afẹ́fẹ́ wọn pé. Ó dín in, ó tún fi kún un. Ó tan ọkọ̀, iná ń wò ó lójú kòrókòró.

"Iná yìí gan-an ni ara rẹ̀ ò yá," ló wí, ó sì tún gbé géèjì.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ obìnrin, tó fi ṣọ́ọ̀bù aṣọ sílẹ̀ wá bá a nídìí iṣẹ́ táyà, sún mọ́ wọn. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bàbá rẹ̀ ní kò ní pẹ́ sá padà. Kò sá.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Ẹ kàn máa wo iná yẹn."

Wọ́n jọ tẹjú mọ́ ọn. Iná náà ń ṣẹ́jú, ó ń ṣẹ́jú, ó ṣe díẹ̀, ó wá dúró gbọn-in.

"Ẹ rí i? Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló dín, kì í ṣẹ́jú. Ó ń pe táyà kan ni, táyà náà ò dáhùn." Ó kọjú sí Àǹtí Kánkán. "Àǹtí, sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú àwọn táyà yín, òun ló ń sọ iye afẹ́fẹ́ fún ọkọ̀. Táyà ò bá yí, sísùn ni sẹ́ńsọ̀ náà ń sùn. Sípéà ò sì ní in rárá: ẹnu rọ́bà la fi ń fa afẹ́fẹ́ sí tiẹ̀, ẹnu irin ni ti àwọn tó ní sẹ́ńsọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ kan ẹnu tí wọ́n ti ń fa afẹ́fẹ́ sí lára táyà kọ̀ọ̀kan. Irin, irin, irin. Ó dé ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún: rọ́bà. Ó ṣí búùtù. Táyà ẹlẹ́nu irin ló sùn síbẹ̀ fọnfọn.

Háà! Bàbá Afẹ́fẹ́ dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé e síbẹ̀ pé kó lọ sinmi.

"Apọ̀dà wo ló ṣe èyí?" Àǹtí Kánkán figbe ta. "Àwọn ará ilé epo yẹn ni! Àwọn náà fọwọ́ kan táyà mi lọ́jọ́sí. Mo mọ̀ pé Bàbá ò lè ṣe irú ẹ̀ láyé!"

Ẹ ò rí i pé ọ̀nà ti là fún bàbá? Kó ṣáà ti mirí ni. Ọmọ rẹ̀ ń tú nọ́ọ̀tì ní tiẹ̀. Bàbá náà wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó wúkọ́.

"Àwọn yẹn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Èmi ni apọ̀dà ọ̀hún. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀, ọmọ mi ló rí i."

Bàbá Afẹ́fẹ́ kúnlẹ̀ ti jáákì, ó ń na nọ́ọ̀tì sí ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi dá táyà padà sáyè rẹ̀. Onítakisí wa ọkọ̀ jáde lọ dán an wò. Bàbá náà jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi yọ lókèèrè, tí fèrè ń dún kíkankíkan.

"Ó ti kú o! Iná ti kú! Ọ̀dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò yá!" Ó yọrí lójú fèrèsé. "Ẹ máa retí àwọn ẹgbẹ́ mi o, torí mo mọ̀ pé ẹ ti bá gbogbo wọn gbé sípéà wálẹ̀!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó yí ọkọ̀ padà, ó tún ké: "Ọ̀gá, ó dàbọ̀ o!"

Bàbá Afẹ́fẹ́ lanu láti dáhùn. Ìgbà náà ló rí ibi tí obìnrin náà ń wò. Ó pa ẹnu dé, orí rẹ̀ wú, ó sì gbún ọmọ rẹ̀ ní ìgúnpá.

"Ìwọ ni wọ́n ń kí," ló wí. "Dá wọn lóhùn."