Àwòrán Iṣu Ọdún Tó Kọjá

Èmi ni mo ní kí a lo àwòrán náà. Rosine, ìyàwó mi, fẹ́ ya tuntun, ṣùgbọ́n kí ni a ní láti yà nínú oṣù keje? Iṣu tó kù lórí àtẹ wa lẹ́bàá títì ní Glei ti rọ, ó sì ti ń hù. Mo ní kó wá èyí tí a yà ní ọdún tó kọjá, tí erùpẹ̀ tútù ṣì wà lára iṣu. Ó gbé e sórí Fesibúùkù, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Iṣu láti oko Igbẹ́kọ̀yí. Ẹ pè wá.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tọ́pẹ́ tó ń ta oúnjẹ ní Lomé ti ní kí a fi ogójì pamọ́ fún òun.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Fádáhùnsí, àgbà ilé wa ní Akparé, ránṣẹ́ pè mí. Ní ilé wa, ẹnikẹ́ni kì í ta iṣu tuntun kí àwọn àgbà tó tọ́ ọ wò lọ́jọ́ ọdún iṣu. Mo bá Philippe níwájú Bàbá pẹ̀lú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ilé kan náà ni wá. Àtẹ rẹ̀ kọjú sí tèmi, lábẹ́ igi tí bàbá mi máa ń jókòó sí kí wọ́n tó tún títì ṣe. Ó gba abẹ́ igi náà mọ́ mi lọ́wọ́. Ó di ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́ta tí mi ò ti kí i.

“Igbẹ́kọ̀yí, o ti jẹ iṣu ṣáájú wa?” ni Bàbá bi mí.

“Rárá, Bàbá. Iṣu ọdún tó kọjá ni.”

“Erùpẹ̀ tí mo rí lára rẹ̀ kò tíì gbẹ láti ọdún tó kọjá?”

Mo wo fóònù ọwọ́ Philippe.

Bàbá ní, “Gbogbo ayé lo fi hàn. Gbogbo ayé ni kí o sọ fún pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá ṣe é, ilé rẹ kò ní bá wa jókòó lọ́jọ́ ọdún. Èmi kò mọ̀wé. Philippe tó ka ti àkọ́kọ́ fún mi ni yóò ka èkejì.”

Ìwé tèmi kò kọjá kíláàsì kẹrin, nítorí náà èmi ń sọ ọ́, Rosine ń tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Àwọn kan wà tí wọn kò ní iṣẹ́ méjì ju òfófó lọ.”

Rosine gbójú sókè. “Bàbá Olga, ta ló máa ra iṣu nínú èyí?”

“Pa á rẹ́. Kọ ọ́ pé, ‘Ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ igi tí kì í ṣe tirẹ̀.’”

“Tọ́pẹ́ ò mọ igi kankan. Yóò ní èló ni ẹ ń ta igi náà.”

Mo bínú, mo jáde síta. Philippe ń to iṣu rẹ̀ ní òdìkejì. Ìgbà náà ló yé mi pé èébú yòówù tí mo bá fi sínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu rẹ̀ ni yóò gbà dé etí Bàbá. Ó lè fò ó. Ó sì lè kà á sókè ketekete, kí ó wá wo ojú Bàbá. Mo padà wọlé.

“Kọ ọ́ pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀.”

“Àṣìṣe kì í dá rìn wá,” ni Rosine wí.

Mo wá sọ èyí tó kù. Ó kọ ọ́ ní Faransé fún àwọn ará Lomé, ó sì kọ ọ́ ní èdè wa nísàlẹ̀:

“Àwòrán tí a gbé síbí ní ọjọ́ Ajé, ti ọdún tó kọjá ni. Àwa la ṣe àṣìṣe, a kò sọ ọ́. Iṣu tuntun wa ṣì wà nínú ilẹ̀, kò ní jáde kí àwọn àgbà tó tọ́ ọ wò. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa ti pẹ́, ó ti ń hù, ṣùgbọ́n ó ṣeé gún dáadáa. Igbẹ́kọ̀yí, Glei.”

Tọ́pẹ́ kò dáhùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ní òun kò gba ogójì mọ́, kí a fi mẹ́wàá ránṣẹ́ nínú èyí tó ṣeé gún.

Mo gun alùpùpù lọ sí Akparé. Philippe ti wà lọ́dọ̀ Bàbá. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó sì ń kà. Nígbà tó dé ibi tí a ti ní “àwa la ṣe àṣìṣe,” ó dánu dúró, ó wò mí, lẹ́yìn náà ó tún ń kà á lọ. Kò gbé ohùn sókè. Kò fo ọ̀rọ̀ kan.

“Tún un kà,” ni Bàbá wí.

Ó tún un kà.

“Ó dára. Ilé rẹ yóò bá wa jókòó.” Bàbá na ọwọ́ sí ẹní. “Ìwọ náà, jókòó kí o mu omi.”

Ẹ̀gbẹ́ Philippe nìkan ni àyè wà. Mo jókòó. Mi ò kí i. Mo kàn sún díẹ̀, kí ó lè ráyè na ẹsẹ̀.