Ilé Adìẹ Onítáyà

Àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ ìyá mi kì í béèrè ẹyin. Koríko ni wọ́n máa ń béèrè. "Ìyá Ẹlẹ́yin, ṣé koríko ti yọ?" Bí koríko bá ti yọ, ẹyin dé nìyẹn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ lè sunkún títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyá mi ò ní tà fún yín. Àwọn adìẹ ń sinmi, ó parí. Oníbúrẹ́dì kan tiẹ̀ fìbínú lọ lọ́dún kan, ó ní òun ò tún ní yà lọ́dọ̀ wa mọ́ láyé. Bí òjò àkọ́kọ́ ṣe rọ̀, òun ló kọ́kọ́ dé. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Koríko ló ń yé ẹyin, ọ̀gbẹ́ni. Adìẹ kàn ń bá a gbé e wá ni."

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹran. Àgùntàn wa kì í dé ìkòkò ẹnikẹ́ni àfi nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ti jẹ koríko tútù yó, tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ bíi bẹ́ǹṣì. A ó ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà, wọ́n á wá gbé tiwọn, ó sì di àmọ́dún. Mo ti jẹ ẹran nílùú láti ìgbà náà o. Ẹ má bínú, orúkọ ẹran ló kàn ń jẹ́.

Ilé onípákó ni ilé adìẹ wa. Bàbá mi ló kàn án, ó sì fi táyà sí i lẹ́sẹ̀, nítorí pé ilé náà kì í gbé ojú kan nígbà òjò. Bí àwọn adìẹ bá ti jẹ koríko ibì kan kanlẹ̀, a ó wọ́ ilé wọn lọ síbi tí koríko ṣì pọ̀. Iṣẹ́ bàbá àti ìyá mi nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, lẹ́yìn tí àwọn adìẹ bá ti wọlé. Bàbá á gbé okùn kọ́ èjìká, á kọ ẹ̀yìn sí ilé náà. Ìyá mi á lẹ etí mọ́ pákó, á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà nítorí àyè lórí igi tí wọ́n ń sùn lé. Á dúró títí èyí tó lẹ́nu jù nínú wọn á fi dákẹ́. Nígbà náà ni á gbá Bàbá léjìká, á ní, "Ó yá." Bàbá á fà. Bó bá di àárọ̀, àwọn adìẹ á jí nínú ilé ara wọn, lórí koríko tuntun.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé "ó yá" yẹn ló ń gbé ilé náà rìn. Títí di ìsinsìnyí, bí òjò bá dá, tí òórùn koríko tútù gba ojú fèrèsé wọlé, ọkàn mi á fà sí pápá wa, omi á sì lé sí mi lójú nídìí mọ́ṣíìnì. Aránṣọ ni mí, ìlú ni mò ń gbé. Mi ò tíì lọ́kọ, ẹ má sì bi mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni ìyá mi kú, nígbà tí ilé adìẹ dúró sójú kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, bùọ̀dá mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù pè mí. Ó ní ká lọ gbé Bàbá wá sílé òun, ká ta adìẹ, ká ta àgùntàn. "Etí Bàbá ti di," ó ní. "Bó bá ṣubú, ta ló máa gbọ́?" Ọ̀rọ̀ náà ò kúkú burú, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Nígbà tí a débẹ̀, Bàbá fi àáké kọ́rí.

"Ìgbà tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lo fẹ́ mú mi lọ?"

"Bàbá, ẹ ò lè dá a ṣe mọ́." Bùọ̀dá mi ń pariwo kó lè gbọ́. "Ó dáa. Bí ẹ bá lè dá ilé adìẹ yẹn wọ́ dé orí pápá, tí gbogbo wọn sùn sínú ẹ̀ lálẹ́ òní, mi ò ní sọ̀rọ̀ ìlú mọ́. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ máa bá wa lọ lọ́la."

"Mo gbọ́," ni Bàbá wí.

A jẹun, oorun ọ̀sán gbé wa lọ. Nígbà tí a jí, ilé adìẹ ò sí lẹ́yìn ilé ìdáná mọ́. Ó ti wà létí pápá lọ́hùn-ún, Bàbá jókòó tì í, ó ń làágùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá mi fẹsẹ̀ gbá táyà wò. "Bàbá alágbára!" Inú rẹ̀ dùn, kò lè fi pa mọ́.

Èmi wo òkè. Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Àwọn adìẹ ṣì wà lábẹ́ igi, wọ́n ń tu ilẹ̀. Ilé wọn ti lọ, wọn ò sì sí nínú ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, wọ́n tò padà wálé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni wọ́n lọ. Wọ́n dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ tí ilé wọn fi sílẹ̀, wọ́n ń wo òkè, wọ́n ń wo ilẹ̀. Àkùkọ yí ibẹ̀ po. Àwọn àgbà ní baálé kú, ilé dahoro. Tiwa, ìyá ló kú, ilé sì gbéra láìdágbére fáwọn tó ń gbé inú ẹ̀. Bàbá pè wọ́n, ó mi àgbàdo nínú korobá. Wọn ò dá a lóhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n lóṣòó síbẹ̀, wọ́n fún ara wọn mọ́ ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀, wọn ò yẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Bùọ̀dá mi kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í wọ́ ọ nígbà tí wọ́n bá wà níta. Ẹ ti gbàgbé. Ẹ wá rí i báyìí?"

"Mi ò gbàgbé." Bàbá gbé korobá sílẹ̀. "Ìyá yín ló máa ń gbọ́ wọn. Èmi ò mọ ìgbà tí wọ́n bá sùn, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Bí mo bá fà á kí wọ́n tó sùn, wọ́n á rọ́ lu ara wọn, wọ́n á tẹ ara wọn pa. Mo wá ní kí n fà á nígbà tí mo lè fojú mi rí i pé kò sí ọ̀kankan nínú ẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n bá ti rí ilé wọn lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á rìn débẹ̀."

Mo sunkún. Mi ò fara pa mọ́ sunkún. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, èjìká Bàbá ni mo rò pé ó ń wọ́ ilé yẹn.

Bùọ̀dá mi ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé adìẹ lọ sínú pápá, ọ̀kan lábíyá ọ̀tún, ọ̀kan lábíyá òsì. Wọ́n fẹnu ṣá a lọ́wọ́, wọ́n yàgbẹ́ sí i lára, ó ń bú wọn bí ẹni ń bú ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Nígbà tí a gbé wọn tán, ó wò mí.

"Ta ló máa máa gbọ́ wọn fún un?"

"Ẹ má wò mí. Mo níṣẹ́ nílùú."

Ó ṣì ń wò mí. Èmi náà ti ń wo yàrá ìyá mi, ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé.

"Mọ́ṣíìnì mi wúwo o," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ máa gbé e wá."

"Iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe?" Ó lọ sídìí ọkọ̀, ó gbé báàgì aṣọ Bàbá tí a ti dì pa mọ́ síbẹ̀ jáde, ó sì gbé e padà wọlé.

Ilé adìẹ náà ò tíì dé orí koríko gan-an, agara ti dá Bàbá lójú ọ̀nà lọ́sàn-án. Ó lọ mú okùn, ó gbé e kọ́ èjìká, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Kò fà á. Ó kàn dúró.

Mo lẹ etí mọ́ pákó. Wọ́n ń jà nítorí àyè. Wọ́n ń ráhùn. Ọ̀kan wà tí kò mọ bí a ṣe ń panu mọ́, ó ń rojọ́ ilé tó sọnù fáwọn yòókù. Mo dúró tì í. Nígbà tí ó pẹ́, òun náà dákẹ́.

Mo gbá Bàbá léjìká. "Ó yá."

"O pẹ́ ju ìyá rẹ lọ," ó ní, ó sì fà.