Apá Òsì Méjì

Apá òsì méjì ló wà lórí tábìlì. Aránṣọ náà yí ọ̀kan síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, bóyá á ṣàánú rẹ̀ kó di apá ọ̀tún. Rárá o. Ó gbàgbé láti yí aṣọ padà kó tó gé èkejì, aṣọ ọ̀hún sì ti tán. Sílíìkì tíṣà tó fẹ́ ṣègbéyàwó ni.

"O tún ti sùn lọ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí látìdí ẹ̀rọ tirẹ̀. "Sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, oorun lójú."

"Mi ò sùn, Àǹtí."

"O ò sùn, o wá gé apá òsì méjì? Gbé sísọ́ọ̀sì yẹn wá. Láti òní lọ, bọ́tìnì ni kí o máa rán."

Bọ́tìnì! Òun tó jẹ́ pé òun ló kọ́ ẹ̀gbọ́n yìí níṣẹ́, nígbà tó wá tọ́jú òun lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ! Jẹjẹrẹ gba ọmú òsì, ó gba irun, ó gba ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀. Kò gba sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀gbọ́n ló wá fẹ́ gbà á.

"Dín oúnjẹ kù, oorun ọ̀sán ò ní máa gbé ọ. Dókítà sọ ọ́, gbogbo ayé sọ ọ́. Àrùn ti lọ, o kàn jókòó, ò ń sanra, ò ń fajú ro. Dúpẹ́ kí inú rẹ dùn!"

Dúpẹ́, dúpẹ́! Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú u bí ẹ̀kọ àná. Gbogbo ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ ọ́, ojú wọn á sì máa ti ikùn rẹ̀ lọ sí àyà. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ni òru. Bí ó bá ti ń tòògbé ni ọkàn rẹ̀ á já: bí nǹkan yẹn bá padà wá ńkọ́? Tí oorun bá wá rí i gbé tán, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jọ ń sùn á gbá a léjìká, á mì ín títí á fi jí. Nítorí pé ó ń hanrun. Nítorí pé ó gba bẹ́ẹ̀dì.

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́!" ó pariwo. "Ẹ̀yin gan-an lẹ ò jẹ́ kí n sùn. Gbogbo òru lẹ fi ń mì mí bí igi ọsàn. Tí ìhanrun mi bá ń dà yín láàmú, ẹ lọ sùn sílẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí sísọ́ọ̀sì. Aránṣọ dì í mú, ó fi ọwọ́ kejì já aṣọ gbà lórí ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n, ó ń wá àṣìṣe tó máa jù lù ú lójú. Kò jìnnà. Òdì ni wọ́n rán kọ́là sí. Ó gbé aṣọ kejì, òdì náà ni. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń tú gbogbo ojú rírán nítorí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo!

"Àǹtí, kí lèyí?"

Ẹ̀gbọ́n wo kọ́là náà pẹ́.

"Kì í ṣe nítorí ìhanrun rẹ ni mo ṣe ń mì ọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ ṣì le. "Tí o bá ń hanrun, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni. Èémí rẹ á dúró, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣé kí n fọwọ́ lẹ́rán? Kí n bá ọ bá jẹjẹrẹ jà, kí oorun wá pa ọ́ lójú mi?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ò tíì tó ni?"

Ojú ẹ̀gbọ́n pọ́n kankan. Ìgbà wo ló ti pọ́n báyìí? Ohun tó bá ojú, ó bá imú. Òun tó rò pé òun nìkan lòun ń ṣọ́ òru.

"Ẹ lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì yẹn," ó ní, ìbínú ò tíì tán lóhùn rẹ̀. "Lọ́la, ẹ máa bá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ sọ ohun tí ẹ sọ yìí fún un. Kò gbọdọ̀ dárúkọ oúnjẹ kó tó gbọ́ tán."

"Tíṣà ńkọ́?"

"Màá pè é. Kó bú mi tẹ́rùn."

Ó ti sísọ́ọ̀sì mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kò sẹ́ni tó máa gé aṣọ lónìí nínú àwọn méjèèjì.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Háà! Obìnrin tó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, tó wá ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta! Aránṣọ rẹ́rìn-ín ìkà. Tó bá jí, òun máa sín in jẹ dáadáa.

Lójijì, ìhanrun náà dákẹ́. Kó tó mọ̀, ó ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti wà níwájú imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì mí, títí atẹ́gùn gbígbóná fi kan ìka rẹ̀.